Omi Tó Dúró Lábẹ́ Ilé Ẹlẹ́ní

Ẹ̀jẹ̀ adìẹ náà kò tíì tó ẹ̀kán mẹ́ta nínú ìgò tí iná pupa fi tàn ní ìbàdí Morádékẹ́.

Ó kọ́kọ́ rò pé oòrùn ló ń tan òun jẹ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rọ tó so mọ́ ìbàdí, ó yọjú wò ó láàárín ìka. Pupa ni. Adìẹ tó há sábẹ́ apá rẹ̀ ń ṣẹ́jú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ibà ọpọlọ kì í ṣe adìẹ ní nǹkan kan. Ẹ̀fọn tó bá gbé ibà náà á jẹ ẹ́, àmì rẹ̀ á wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, adìẹ á sì máa jẹ àgbàdo rẹ̀ lọ. Torí àmì yẹn ni wọ́n ṣe ń sìn ín.

"Adìẹ aṣọ́nà kẹta láàárín ọjọ́ mẹ́wàá," ni Olùṣọ́ wí. Ẹ̀rọ ìbàdí náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ohùn obìnrin tí kì í yára, tí kì í sì í falẹ̀, ni wọ́n fi sínú rẹ̀. "Àgò kẹrin, Ìdí-Ẹ̀gbà. Àmì ibà ọpọlọ. Òfin Omi Dídúró, ẹsẹ kẹsàn-án. Ìlẹ̀kùn òkun yóò ṣí nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Ó ku wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Morádékẹ́ ti adìẹ náà padà sínú àgò, ó sì dìde. Kò mọ ibi tí ó fẹ́ fi ọwọ́ sí. Láti orí pèpéle tí ó dúró sí, ó ń rí ògiri gìrìwò tó yí ìlú Orí-Òpó ká, òkun tó ń bú lẹ́yìn ògiri, àti oko ìrẹsì tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ nínú rẹ̀. Ìrẹsì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó ni. Ọ̀ọ́dúnrún ìdílé ló gbójú lé e. Bí ìlẹ̀kùn òkun bá ṣí, omi iyọ̀ á wọlé, á pa gbogbo tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, tó wà nínú omi tí kò ní iyọ̀. Ìrẹsì náà kò sì ní rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohùn ọkùnrin gba ẹnu Olùṣọ́ jáde. Akíngbọlá ni, Alága Ìgbìmọ̀ Omi.

"Morádékẹ́, mo ti rí i níbí."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Alága."

"Ìrọ̀lẹ́ wo ló kù tí a ó máa kí? Fi òǹtẹ̀ sí i, kí n máa kó àwọn èèyàn kúrò lóko."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Láàárọ̀ yìí ni mo fa ẹ̀jẹ̀ àwọn adìẹ àgò kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Àárín ìrẹsì gan-an ni wọ́n wà, gbogbo wọn ló mọ́. Ẹja tí a dà sínú oko ń jẹ tanwíjí ibẹ̀ láìṣẹ́kù. Àgò kẹrin nìkan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Bó bá jẹ́ inú oko ni ẹ̀fọn wọ̀nyí ti ń jáde, ṣé adìẹ tó wà lóko kọ́ ni wọn ì bá kọ́kọ́ jẹ?"



"Ọmọ mi méjì ni mo sin láàárín ọ̀sẹ̀ kan," ni Alága wí. "Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn náà, a ní ká dúró ná, ká wádìí ná. Ọjọ́ mẹ́fà la fi wádìí. Èèyàn lè gbin ìrẹsì mìíràn, Morádékẹ́."

"Kí ni a ó máa jẹ kí ó tó so? Àwọn ará òkè tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ kò ní oúnjẹ tí wọ́n ó fún wa. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa bẹ́ẹ̀."

Olùṣọ́ ló dá sí ọ̀rọ̀ wọn. "Ẹsẹ kẹsàn-án, ìlà kejì. Bí agbẹ̀jẹ̀ adìẹ bá fi ojú ìsun ẹ̀fọn hàn kí oòrùn tó wọ̀, pẹ̀lú tanwíjí láàyè nínú rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó gba omi dúró, ìlẹ̀kùn òkun kò ní ṣí. Ẹyẹ irin yóò fọ́n oògùn sí àdúgbò náà nìkan."

"O gbọ́ ọ," ni Alága wí. Ó mí kanlẹ̀. "Wá a. Àmọ́ bí oòrùn bá kan omi, mi ò ní dúró dè ọ́."

Morádékẹ́ ti wọ ọkọ̀ kí ó tó parí ọ̀rọ̀.

Ogún ilé ló wà ní Ìdí-Ẹ̀gbà, gbogbo wọn dúró lórí òpó létí ẹ̀gbà, igi inú omi, níbi tí àwọn lékeléke ń wọ̀ sí ní ìrọ̀lẹ́. Ó mọ ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹní mọ eyín ẹnu rẹ̀. Ó ń ti ọkọ̀ láti òpó dé òpó, ó ń gun àkàbà, ó ń wo ẹ̀yìn ààrò, ó ń wo ọ̀pá omi, ó ń wo ìdí ìkòkò òdòdó. Ibi gbogbo gbẹ fúrúfúrú. Ta ni yóò gba omi dúró mọ́ lẹ́yìn ohun tó ṣe Ìyá Gbàdàmọ́sí? Táyà ògbólógbòó kan ni òjò rọ̀ sí lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n mú un kúrò lórí omi lọ sí òkè fún ọdún márùn-ún, bí òfin ti wí. Oṣù méje péré ló lò níbẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá gbé òkú.

Nígbà tí ó dé ilé Láṣebìkan, oòrùn ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láṣebìkan ni ó ń fi ọkọ̀ gbé èrò kọjá láti àdúgbò dé àdúgbò. Kò sí ọmọ Orí-Òpó tí kò tíì bá a rìn rí. Ọkọ̀ rẹ̀ wà níso mọ́ òpó. Àwọ̀n gbogbo fèrèsé sì wà nísàlẹ̀, nínú ooru yẹn.

Fadérera, ìyàwó rẹ̀, jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó fi apá méjèèjì gbá àtẹ́rígbà mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ wò ó, korobá mẹ́ta ni mo ní, mo ti dojú wọn délẹ̀. Kò sí omi kankan níbí."

"Láṣebìkan ńkọ́?"

"Ó jáde lọ."

"Ó fẹsẹ̀ rìn lórí omi ni? Ọkọ̀ rẹ̀ rèé."

Fadérera la ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn kan ti inú ilé wá kí ó tó rí nǹkan sọ. Ohùn ọkùnrin ni, ó ń pariwo bí ẹni tó wà ní etí èbúté: "Ẹ sún síwájú! Ìyá, ẹ gbé ẹrù yín sórí ẹsẹ̀! Ẹ sún síwájú, ẹ̀yin èèyàn!"

Apá Fadérera bọ́ sílẹ̀.

"Ọjọ́ kẹrin rèé," ni ó wí. "Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ ọ. Ó ń bì. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ gbóná bí iná. Àná ló bi mí pé ọmọ ta ni mí."

Morádékẹ́ wọlé. Láṣebìkan wà lórí ẹní, ó nà gbalaja, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere láìrí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Morádékẹ́ fẹ́ rọra gbé orí rẹ̀, ọrùn náà le gan-an, kò tẹ̀.

"Ṣé ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?"

"Ó ní èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun á gba ti ìgbà tó ń bọ̀." Fadérera kò kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á ní ó máa ran àwọn ọmọ àdúgbò. Wọ́n á lọ dá a gbé síbì kan tí mi ò ní rí i mọ́."

"Ta ló sọ ìyẹn fún ọ? Ibà yìí kì í ti ara èèyàn bọ́ sára èèyàn. Ara ẹyẹ ló ń gbé. Ẹ̀fọn á fà á lára lékeléke, á wá gún wa, á fi sí wa lára. Tó bá ti dé ara àwa, ọ̀nà ti pin. Ẹ̀fọn mìíràn kò lè rí i fà lára ọkọ rẹ kó gbé e fún ẹnikẹ́ni. O lè dì mọ́ ọn bó ṣe wù ọ́."

Fadérera ń wò ó. "Yàrá kejì ni mo ń sùn láti ọjọ́ mẹ́rin," ni ó wí. Ó wá wọlé, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ṣé oògùn rẹ̀ wà ní òkè?"

"Mi ò ní purọ́ fún ọ. Kò sí oògùn tó ń pa á. Ṣùgbọ́n bí gìrì bá mú un, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Bí èémí bá ń nira fún un, ẹ̀rọ á bá a mí. Wọ́n á fa omi sí i lára. Kí ló wà níbí? Èmi àti ìwọ." Ó fọwọ́ kan ìbàdí. "Olùṣọ́, pe ọkọ̀ aláìsàn wá sí ilé Láṣebìkan. Kíákíá."

Ó fẹ́ dìde, ó tún jókòó. "Fadérera, ẹ̀fọn yìí kì í jẹ lọ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ àti òru ni tirẹ̀. Àwọ̀n yín kò ya. Níbo ni Láṣebìkan máa ń wà tí oòrùn bá ń wọ̀?"

Fadérera wo ilẹ̀.

"Dá mi lóhùn. Ìrẹsì gbogbo ìlú ló wà lọ́rùn mi yìí."

"Ṣé lóòótọ́ lẹ ò mọ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kí ni mi ò mọ̀?"

"Ilé yín ni. Ọ̀dọ̀ ìyá yín, Ìyá Ẹlẹ́ní, ló ti ń lọ gbé ẹní fún àwọn tí ìyá ń hun ún fún. Ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ, nígbà tí ẹ bá wà lẹ́nu kíkọ àkọsílẹ̀ àwọn adìẹ yín. Abẹ́ ilé ló máa ń dúró sí títí ìyá á fi dì í tán."

Morádékẹ́ kò mọ bí òun ṣe dé inú ọkọ̀. Ó ń wà á, ó ń ṣìnà nínú omi tí ó ti ń wà láti kékeré. Ogún ilé ló wà ní Ìdí-Ẹ̀gbà. Mọ́kàndínlógún ló ń yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìkogún ni tirẹ̀, èyí tí ó ń fọwọ́ sí láìbẹ̀rẹ̀ wò.

Ìyá rẹ̀, Ìbídùn, jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń hun. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ó gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn.

"Àṣàkẹ́, o mà tètè dé lónìí." Oríkì ọmọ rẹ̀ ló fi ń pè é.

Morádékẹ́ kò kí i. Ó ká ẹní tó wà ní igun yàrá kúrò, ó fi ìka wọ́ pákó tó ṣí sí abẹ́ ilé sókè. Òórùn jíjẹrà gbá a nímú. Lábẹ́ ibẹ̀, láàárín òpó mẹ́rin, ni wọ́n so ọkọ̀ ògbólógbòó bàbá rẹ̀ kọ́, ó kún fún omi òjò dúdú àti koríko ẹní tí wọ́n rẹ. Tapólì tí wọ́n ta bò ó ti ya dé ìdajì. Omi náà ń mì. Tanwíjí ni, wọ́n ń ta gọ́ńgọ́ lọ sókè sódò, wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi náà dà bí èyí tó ń hó lórí iná.

"Màámi. Kí nìyí?"

"Mo bò ó o," ni ìyá sọ wéré. "Ìjì ọjọ́sí ló ya á. Mo ti ní mo máa rán an. Koríko kì í rọ̀ nínú omi ẹ̀rọ, omi òjò ló ń gbà, ó sì gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú rẹ̀. Bí mi ò bá hun nǹkan, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Ìwọ náà ti rí i."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ooru ti pọ̀ báyìí. Ta ló lè sùn lórí rọ́bà nínú ooru yìí? Gbogbo wọn ló ń bẹ̀ mí. Alága yín gan-an, orí ẹní mi ló ń sùn."

"Láṣebìkan kò mọ ìyàwó rẹ̀ mọ́."

Ọwọ́ ìyá dúró lórí iṣẹ́. "Láṣebìkan wa?"

"Ọjọ́ kẹrin rèé. Ibà ọpọlọ ni."

Ìbídùn gbé ẹní náà kúrò lórí ẹsẹ̀. "Mo ní kó gòkè wá jókòó," ni ó wí. "Ó ní rárá, òun á dúró nísàlẹ̀. Èmi ni mo ń jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ mi ò yá mọ́, dídì ẹní kan a máa gbà mí lákòókò." Ó nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rá lọ sí etí ihò náà, ó nawọ́ sí okùn. "Jẹ́ ká dà á nù. Fa ti ọ̀dọ̀ rẹ, èmi á fa tèmi. Á bọ́ sínú ọ̀sà, ẹja á jẹ wọ́n. Ta ni yóò mọ̀?"

Morádékẹ́ di okùn náà mú. Ó nímọ̀lára ìwúwo ọkọ̀ náà. Fífà kan ṣoṣo ni. Ilé á gbẹ, ìyá rẹ̀ á sun orí ibùsùn rẹ̀ lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti hu ìyẹ́ ńkọ́, tí wọ́n ti fò wọ inú ẹ̀gbà, tí wọ́n ti jẹ lékeléke, tí wọ́n ń dúró de àṣálẹ́? Bí kò bá sí ojú ìsun, ẹyẹ irin kò ní wá fún wọn. Ìlẹ̀kùn òkun á sì ṣí, ọ̀ọ́dúnrún ìdílé á dúró létí oko máa wo ìrẹsì wọn.

Ó fi okùn sílẹ̀. Ó tú Olùṣọ́ kúrò ní ìbàdí, ó nà án sórí omi náà.

"Ojú ìsun ti hàn," ni ẹ̀rọ wí. "Tanwíjí wà láàyè. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Orúkọ ẹni tó gba omi dúró?"

"Èmi ni," ni Morádékẹ́ sọ. "Orúkọ mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé yìí. Morádékẹ́, agbẹ̀jẹ̀ Ìdí-Ẹ̀gbà."

"Irọ́ ni!" Ìyá gbá a lọ́wọ́ mú pẹ̀lú agbára tí Morádékẹ́ kò mọ̀ pé ó ṣì kù lára rẹ̀. "Ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan. Èmi Ìbídùn ni mo gba omi dúró. Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Màámi, ẹ dákẹ́. Ẹ rántí Ìyá Gbàdàmọ́sí. Oṣù méje."

"Mo rántí rẹ̀. Ta ni yóò máa yẹ adìẹ wò bí ìwọ bá lọ?"

"Wọ́n á rán ẹlòmíràn wá."

"Láti ibo? Ọdún méjì ni ìlú yìí fi wá ẹnì kan ṣoṣo tó lè fa ẹ̀jẹ̀ adìẹ tí adìẹ kò ní kú. Láàárín ọdún méjì yẹn ni Alága sin àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣé torí ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n ni ẹlòmíràn á fi tún sin tirẹ̀?"

"Orúkọ méjì ló wọlé," ni Olùṣọ́ wí. "Ọ̀kan ni òfin ń gbà. Agbẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́rìí sí ọ̀kan. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún."

Lóde, àwọn lékeléke ti ń dé, wọ́n ń bà sórí ẹ̀gbà ní méjì méjì, wọ́n ń jà sí ẹ̀ka. Morádékẹ́ dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà. Ó tún rìn lọ. Oòrùn ti sún mọ́ orí ògiri. Ó ronú pé òun lè jẹ́rìí sí orúkọ ara òun síbẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Ó wá rí i pé bí òun bá pa irọ́ yìí, ohun tí òun ń gbà là ni ojú ara òun, kí òun má baà jẹ́ ọmọ tó fi ẹnu ara rẹ̀ lé ìyá rẹ̀ nílé. Ẹni tí ẹ̀fọn máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀, tí kò ní sí agbẹ̀jẹ̀ tó máa mọ̀, kò sí nínú ìṣirò náà.

Ìyá rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn jókòó, ó ń wò ó, bí ìgbà tí ó ń kọ́ ọ ní òǹkà.

"Sọ ọ́, Àṣàkẹ́."

"Ìbídùn," ni Morádékẹ́ wí. "Ìyá mi ni. Ìbídùn."

"A ti gbà á. Ìlẹ̀kùn òkun kò ní ṣí."

Kò pẹ́ tí àwọn ẹyẹ irin fi dé. Wọ́n fò wálẹ̀ lórí ẹ̀gbà, wọ́n ń fọ́n oògùn bí ìrì, àwọn lékeléke sì gbéra pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí aṣọ funfun tí atẹ́gùn ká. Ìyá àti ọmọ fa okùn, omi dúdú náà ya bọ́ sínú ọ̀sà.

Ọkọ̀ aláìsàn ti dé èbúté nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Láṣebìkan ti wà nínú rẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n, Fadérera sì sùn tì í, ó gbé orí lé àyà rẹ̀. Alága Akíngbọlá dúró lórí pákó èbúté. Ọkùnrin gíga ni, ṣùgbọ́n kò na ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà.

"Ìyá," ni ó wí, ó dọ̀bálẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹní tó wà lórí ibùsùn mi..." Ó gbójú sókè láti ilẹ̀. "Òfin fún yín di òwúrọ̀ ọ̀la. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo lè pe Ìgbìmọ̀ jọ. Bóyá a lè yí i padà."

"Má ṣe é, ọmọ mi. Bí o bá yí i padà nítorí tèmi, kí lo máa sọ fún àwọn ọmọ Ìyá Gbàdàmọ́sí?" Ó nawọ́ fún un kí ó dìde. "Yí i padà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Èmi á bá ọkọ̀ yìí lọ nísinsìnyí. Ìyàwó Láṣebìkan yìí kò lè dá dúró tì í títí dé òkè. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Màámi, ẹ dúró di òwúrọ̀," ni Morádékẹ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò tíì jẹun."

"Bí mo bá dúró di òwúrọ̀, mi ò ní lè lọ mọ́."

Ìyá gbá a mọ́ra, ó sì fi í sílẹ̀ kíákíá. Alága fà á lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Ìbídùn rá wọ abẹ́ àwọ̀n, ó jókòó sí ìdí orí Láṣebìkan, ó rẹ aṣọ sínú omi, ó gbé e lé e níwájú orí. Ọkùnrin náà mira. Ó wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó ń wá nǹkan níbẹ̀.

"Ìyá mi," ni ó wí. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún méjìlá. "Ìyá mi, ṣé ẹ̀yin nìyí?"

Ọwọ́ Ìbídùn ń gbọ̀n lórí aṣọ náà. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀ lórí èbúté, ó sì yí padà sí Láṣebìkan.

"Èmi ni, ọmọ mi," ni ó dá a lóhùn. "Fọkàn balẹ̀. A jọ ń lọ ni."

Ọkọ̀ ṣí. Fèrè àṣálẹ́ fọn káàkiri ìlú, àwọn àwọ̀n ń já bọ́ sílẹ̀ láti fèrèsé dé fèrèsé, kò sì sí ẹni tó kù níta àfi àwọn méjèèjì tó dúró ní èbúté. Morádékẹ́ ń wo iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bí ó ṣe ń kéré sí i lójú omi, títí Alága fi di apá rẹ̀ mú, tó fà á wọlé.